Orúkọ Ọmọkùnrin Láti Ilẹ̀ Dé Ilẹ̀: Ìfiwéra fún Òbí tí ó Fẹ́ Yan

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ìsọmọlórúkọ kí ó tó fi bébà kan hàn mí, èyí tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ sí láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù márùn-ún. Orúkọ mọ́kànlélógún ni mo kà níbẹ̀. Dáníẹ́lì wà níbẹ̀, nítorí ìjọ tí wọ́n ń lọ. Gàníyù wà níbẹ̀, nítorí pé Mùsùlùmí ni bàbá ọkọ rẹ̀. Babátúndé wà níbẹ̀. Kofi wà níbẹ̀, nítorí pé Gánà ni ọkọ rẹ̀ ti kàwé. Richard náà sì wà níbẹ̀ nítorí pé ó dùn létí. Wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ mẹ́fà, wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín fún òbí mìíràn tí irú bébà bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè fi orúkọ wọ̀nyí wé ara wọn bí ẹni ń fi iṣu wé iṣu lọ́jà, nítorí pé ìbéèrè tí ọ̀kan ń dáhùn kọ́ ni èkejì ń dáhùn. Kofi ń sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Babátúndé ń sọ ẹni tí ó padà wá. Gàníyù ń sọ ti ẹni tí ọmọ jẹ́. Dáníẹ́lì jẹ́ odindi gbólóhùn nípa Ọlọ́run. Richard ń sọ irú ọkùnrin tí àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ náà fẹ́ kí ọmọ dà. Kí òbí kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tí òun fẹ́ kí orúkọ ọmọ òun dáhùn. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó wá wo èyí tí ó dùn létí.

Orúkọ tí ń sọ bí ọmọ ṣe dé

Àwa kì í yan irú orúkọ yìí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń mú un bọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè, èyí tí ó bá dojú bolẹ̀ ni Ajàyí, ọmọkùnrin tí ìwọ́ bá lọ́ mọ́ lọ́rùn ni Òjó. Èyí tí wọ́n bí tòun ti àpò ni Òkè, èyí tí irun rẹ̀ ta kókó ni Dàda, èyí tí ìyá lóyún rẹ̀ láìtíì rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ọmọ tí ó bí ṣáájú ni Ìlọ̀rí. Ní ti ìbejì, Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tí ó rán an ni a sì kà sí ẹ̀gbọ́n. Ìdòwú ni wọ́n ń bí tẹ̀ lé wọn, Àlàbá ni ó sì ń tẹ̀ lé Ìdòwú.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Pliny, òǹkọ̀wé wọn ní sẹ́ńtúrì kìíní, ṣàlàyé pé Agrippa ni wọ́n ń pe ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ jáde, pé Vopiscus sì ni ìbejì tí ó dúró sínú ìyá tí wọ́n sì bí láàyè lẹ́yìn tí oyún èkejì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìgè ni Agrippa, ní ìtumọ̀ gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sì ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ ní Róòmù, ọjọ́ kẹjọ ni ti ọmọbìnrin. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ti gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa. Ohun kan ni ó yà wá sọ́tọ̀: ní Róòmù, orúkọ bíi Agrippa di orúkọ ìdílé, ọmọ sì ń jogún rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni ó fi jáde. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Ọ̀pọ̀ Ajàyí àti Òjó tí ẹ mọ̀ lónìí, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ́.

Ìbejì ni ó jọ ara wọn jù láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Tọ́másì inú Bíbélì kì í ṣe orúkọ ẹ̀sìn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìbejì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Árámáíkì, ìdí nìyẹn tí Ìhìn Rere Jòhánù fi ń fi Dídímù kún un, èyí tí í ṣe ìbejì ní èdè Gíríìkì. Láàrin àwọn Akan ní Gánà, Ata ni wọ́n ń pe ìbejì, Tawia sì ni ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé wọn. Láàrin àwọn Hausa, ìbejì ọkùnrin méjì sábà máa ń jẹ́ Hassan àti Hussaini, Gambo sì ni ó ń tẹ̀ lé wọn. Ìdòwú, Tawia, Gambo: ẹ̀yà mẹ́ta, èdè mẹ́ta, gbogbo wọn rí i pé ọmọ tí ó bá gba inú tí ìbejì ti gbà kọjá kì í ṣe ọmọ lásán. Orúkọ yìí kọjá òkun pẹ̀lú àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní Kúbà, lọ́dọ̀ àwọn Lukumí, tí wọ́n di àṣà Yorùbá mú níbẹ̀, wọ́n ṣì mọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì mọ Ìdòwú lẹ́yìn wọn. Ní Bùràsíìlì, Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì inú ìjọ Kátólíìkì, ni wọ́n fi bo Ìbejì mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ń dùn mí. Àmútọ̀runwá ń parẹ́ lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe nítorí pé a kórìíra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìyá àgbà ni ó ń gbẹ̀bí, ojú rẹ̀ ni ọmọ ṣe ń dé, òun náà ni yóò sì jáde sí gbọ̀ngàn láti kéde pé Ìgè ni ó dé, tàbí Ajàyí. Lónìí, yàrá ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn ni a ń bímọ sí. Nọ́ọ̀sì rí i pé ìwọ́ lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó tú u, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò gbọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí bí ọmọ yín ṣe dé. Iṣẹ́jú kan ni yóò gbà.

Orúkọ tí ń sọ ọjọ́

Àwọn Akan ni ọ̀gá nínú èyí. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Àìkú ni Kwasi, ti ọjọ́ Ajé ni Kwadwo, ti Ìṣẹ́gun ni Kwabena, ti Ọjọ́rú ni Kwaku, ti Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, ti Ẹtì ni Kofi, ti Àbámẹ́ta ni Kwame. Bí wọ́n bá dárúkọ Kwame Nkrumah, gbogbo Akan ti mọ̀ pé ọmọ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Kofi Annan, tí ó di akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Kumasi, òun àti ìkejì rẹ̀ obìnrin. Kofi Atta ni ó sì ń jẹ́, tí í ṣe ọjọ́ àti ìbejì pa pọ̀ nínú orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn Ewe ní Tógò ní irú rẹ̀: Kossi ni ti Àìkú, Kodjo ni ti Ajé, Koffi ni ti Ẹtì.

Ti Igbo yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ọjà mẹ́rin ni wọ́n ń kà: Okeke ni ọmọ ọjọ́ Eke, Okorie ni ti Orie, Okafor ni ti Afọ, Okonkwo ni ti Nkwọ. Àwọn Hausa ní Danladi fún Àìkú, Danlami fún Ọjọ́bọ̀, Danjuma fún Ẹtì. Lọ́dọ̀ tiwa, Jímọ̀ nìkan ni ó bá èyí mu dáadáa, láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni a sì ti gbà á. Yorùbá fẹ́ràn àkókò ju ọjọ́ lọ: Abíọ́dún ni ọmọ tí wọ́n bí nígbà ọdún, Abọ́sẹ̀dé ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, Abíọ́nà ni ti ojú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìyàn níhìn-ín kò gùn. Orúkọ ọjọ́ dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìgbà tí ó wọ ayé, ṣùgbọ́n kò ṣeé yá lò bí ọjọ́ náà kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí ọmọ àbúrò mi. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní Kofi, ọmọ Gánà àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé ní ilé ìwé yóò wí fún un pé ọmọ ọjọ́ Ẹtì ni, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Kwabena ni ìbá jẹ́. A pa Kofi rẹ́.

Orúkọ tí ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, kò sí ibi tí orúkọ Yorùbá àti orúkọ Hébérù ti súnmọ́ ara wọn tó ibí yìí, nítorí pé èdè méjèèjì ni ó ń sọ odindi gbólóhùn di orúkọ. Ọmọ tí ó bá dé nígbà tí ọ̀fọ̀ wà nílé ni Rẹ̀mílẹ́kún tàbí Ẹkúndayọ̀. Èyí tí wọ́n bí nígbà tí bàbá jẹ oyè ni Abíóyè. Èyí tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni Bámidélé, kí ó bá òbí rẹ̀ padà sílé. Èyí tí wọ́n bí sí òkè òkun ni Tòkunbọ̀.

Ẹ wá wo Bíbélì. Sárà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún un pé yóò bímọ ní ogbó, ọmọ náà sì di Ísáákì, tí í ṣe ẹ̀rín. Hánà bèèrè ọmọ lọ́wọ́ Olúwa, ó sì sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì, ó ní nítorí pé òun ti bèèrè rẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 35, Rákélì ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì sọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Bẹ́nónì, ọmọ ìpọ́njú mi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kọ̀, ó pè é ní Bẹ́ńjámínì, ọmọ ọwọ́ ọ̀tún mi. Ohun tí Jákọ́bù ṣe níbẹ̀ ni Yorùbá máa ń ṣe nínú Ẹkúndayọ̀: ó mẹ́nu ba ẹkún náà, kò sì jẹ́ kí ọmọ gbé e rù títí ayé. Àríyànjiyàn àwọn ẹbí lórí orúkọ náà kò tuntun. Ní orí kìíní ìwé Lúùkù, ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará ilé fẹ́ fi orúkọ bàbá, Sakaráyà, sọ ọmọ; ìyá ní rárá, Jòhánù ni yóò máa jẹ́; wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wọn; bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀ gba wàláà, ó kọ Jòhánù sí i. Ojúure Olúwa ni orúkọ náà ń sọ.

Nítorí náà, òbí tí ó bá fẹ́ orúkọ Bíbélì kò ní láti fi orúkọ Yorùbá sílẹ̀ kí ó tó rí i. Nàtáníẹ́lì ni Ọlọ́runfúnmi. Dáníẹ́lì ni "Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi." Máíkẹ́lì jẹ́ ìbéèrè, ta ni ó dàbí Ọlọ́run, àwa náà ní orúkọ tí ó jẹ́ ìbéèrè, bíi Tanímọ̀la. Gíríìkì ni Stéfánù ti wá, adé sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìdílé ọba tí ó ti ń jẹ́ Adé láti ìrandíran tí ó wá sọ ọmọ ní Stephen ti sọ ohun kan náà ní èdè méjì láìmọ̀.

Àwọn kan ti rí èyí tipẹ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Ọ̀ṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1809 dojú bolẹ̀ wá, wọ́n sì pè é ní Ajàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù: Samuel Crowther. Crowther tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ jẹ́ orúkọ iṣẹ́, ẹni tí ń ta irú gòjé kan báyìí. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀: ọmọ tí a bèèrè, ọmọ tí ó dojú bolẹ̀, ọmọ onígòjé. Kò fi Ajàyí sílẹ̀. Ní ọdún 1894, David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní Èkó, bọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di Mọjọlá Agbébí. Ìgboyà pọ̀ nínú ohun tí ó ṣe nígbà náà.

Orúkọ tí ń sọ ti ẹni tí ọmọ jẹ́

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, hádíìsì kan tí Ìmáàmù Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbà wá sọ pé orúkọ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni Abdullah àti Abdurrahman. Ẹrú ni "Abd". Ẹni tí ó bá ń jẹ́ Abdullah ni ẹrú Ọlọ́run, Abdurrahman ni ẹrú Aláàánú jùlọ, Abdulganiy ni ẹrú Ọlọ́rọ̀ tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Ahọ́n Yorùbá gé orúkọ wọ̀nyí kúrú, ó sì fi fáwẹ̀lì parí wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí: Ràmọ́nì, Ràímì, Gàníyù, Wàídì, Láàtífù. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé "ẹrú" ni a gé kúrò, tí ó sì ku orúkọ Ọlọ́run nìkan lórí ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà fi ń rọ òbí lónìí pé kí wọ́n dá Abdul padà síwájú orúkọ nínú ìwé, bí ẹnu ilé bá tilẹ̀ ń pe Gàníyù. Mo rò pé ìmọ̀ràn náà tọ́, nítorí pé ìtumọ̀ orúkọ ni ó ń tọ́jú.

Orúkọ mìíràn kò ní ìṣòro yìí. Mọ́mọ́dù, Àmọ́dù àti Mámúdù, gbòǹgbò kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti hù, ìyìn sì ni gbòǹgbò náà. Múfútàù ni kọ́kọ́rọ́. Nurudeen ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn, Kàmọ́rù jẹ́ òṣùpá ẹ̀sìn, Sùràjù jẹ́ àtùpà. Ní ti orúkọ àwọn wòlíì, ilé tí Kristẹni àti Mùsùlùmí ti fẹ́ ara wọn, tí irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, lè rí èyí tí kò ní dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé orúkọ kan náà ni, ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ó yàtọ̀:

| Bíbélì Yorùbá | Kùránì lẹ́nu Yorùbá | Ohun tí Bíbélì tàbí èdè Hébérù so mọ́ ọn |
|---|---|---|
| Ábúráhámù | Búràímọ̀ | baba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè |
| Ísáákì | Ìsíáká | ẹ̀rín |
| Jákọ́bù | Yàkúbù | ẹni tí ó di gìgísẹ̀ mú |
| Jósẹ́fù | Yẹ̀súfù | kí Olúwa fi òmíràn kún un |
| Mósè | Mùsá | ẹni tí a fà jáde nínú omi |
| Dáfídì | Dáúdà | àyànfẹ́ |
| Sólómónì | Súlè | àlàáfíà |

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì kò gba àkókò púpọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn baba ńlá wọn máa ń so pọ̀, láìfi ṣe gbólóhùn: Richard jẹ́ agbára àti líle, William jẹ́ ìfẹ́ inú àti akoto ogun, Robert jẹ́ òkìkí àti ìmọ́lẹ̀. Orúkọ jagunjagun ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú rẹ̀ ní Yorùbá, Akin ni kí ó wá lọ: Akínwándé, Akíntúndé, Akínlolú. Mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi pé kí ni Richard ṣe tí Akin kò lè ṣe, kò sì rí ìdáhùn.

Orúkọ tí ń sọ ẹni tí ó padà wá

Babátúndé kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè mú. Bàbá àgbà gbọ́dọ̀ ti lọ kí ọmọ tó dé. Lórí bébà àbúrò mi, bàbá rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ara wọn sì le. Kí a pe ọmọ ní Babátúndé lójú wọn, bí ẹni ń sin wọ́n láàyè ni. Àwọn Igbo ní Nnamdi, "bàbá mi wà láàyè", èyí tí wọ́n sábà máa ń fún ọmọ tí wọ́n gbà pé bàbá àgbà ni ó tún wá. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń gba orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ì báà wà láàyè. Àwọn Júù pàápàá kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn Ashkenazi tí ó ti Yúróòpù wá kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn Sefadi, tí baba ńlá wọn gbé ní Sípéènì, ń fi orúkọ bàbá àgbà tí ó wà láàyè sọ ọ́ láti fi bọlá fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ bàbá yín sọ ọmọ, ẹ wádìí lọ́wọ́ ilé méjèèjì ṣáájú. Ohun tí ó jẹ́ ọlá níhà kan lè jẹ́ èpè níhà kejì.

Orúkọ tí ń bẹ ọmọ kí ó dúró

Ibi tí ó wúwo jù nìyí. Dúrójayé, Dúrósinmí, Málọmọ́, Bánjókòó, Kúkọ̀yí: ìyá tí ó ti sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń sọ orúkọ wọ̀nyí. Kòsọ́kọ́ ń sọ pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin òmíràn, ọba kan sì jẹ orúkọ yìí lórí ìtẹ́ Èkó láti ọdún 1845 títí di ọdún 1851. Ààtàn ń fi ọmọ ṣe ohun ìdànù, kí ikú má baà ro ó sí nǹkan.

Mo rò fún ìgbà pípẹ́ pé tiwa nìkan ni èyí, títí mo fi mọ̀ nípa àwọn Tọ́kì. Ìdílé tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ a máa pe ọmọkùnrin ní Dursun, tí í ṣe "kí ó dúró", tàbí Durmuş, "ó ti dúró", tàbí Yaşar, "ó wà láàyè". Dúró ni Dursun ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè wọn àti tiwa kò bá ara wọn tan. Láàrin àwọn Bulgaria, Stoyan wá láti ara ọ̀rọ̀ tí í ṣe dídúró, ìdí kan náà ni wọ́n sì ń fi í sọ ọmọ. Àwọn Ashkenazi a máa pe ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ní Alter, "àgbàlagbà", kí ikú tí ó ń wá ọmọ kékeré bá arúgbó, kí ó sì kọjá lọ. Ní àwọn abúlé Ṣáínà, wọ́n ní Gousheng, "èyí tí ajá jẹ kù". Ìyá kan níbí, ìyá kan lọ́hùn-ún, wọn kò rí ara wọn rí, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dá fún ikú.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má ṣe mú orúkọ wọ̀nyí nítorí adùn wọn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín kúrò lórí wọn; ẹ̀rí ìfaradà ni wọ́n. Ẹ sì bá mi lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò kí ẹ tó fẹ́ ara yín, nítorí pé a mọ̀ lónìí pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ládìde ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú.

Èwo ni ó jẹ́ ti ọkùnrin gan-an?

Òbí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston a máa béèrè èyí, nítorí pé fọ́ọ̀mù wọn fẹ́ mọ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin: Táíwò, Bámidélé, Ayọ̀délé, Tòkunbọ̀, méjèèjì ni ó ń jẹ́ ẹ. Babátúndé ní Yétúndé, Òjó sábà máa ń ní Àìná, Akin sì sábà máa ń jẹ́ ti ọkùnrin. Oríkì ni ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn kedere. Tí a bá gbọ́ Àníkẹ́, Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, ìkẹ́ ni a gbọ́, obìnrin sì ni. Ti ọkùnrin a máa ní ìjà nínú: Àjàní ni ẹni tí a jà kí a tó ní, Àjàmú ni ẹni tí a jà mú. Àkànní, Àlàbí, Àyìndé, Àlàó, Àrẹ̀mú àti Àdìgún wà níbẹ̀ náà. Nínú gbogbo ẹ̀yà tí mo ti mẹ́nu bà, n kò rí èyí tí ó ní irú oríkì yìí, orúkọ tí ó wà fún kíké ọmọ nìkan. Ó dùn mí pé òbí tí ó ń wá orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá a.

Bí ẹ bá ti yan, ẹ fi àmì sí i lórí ìwé ìbí láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá kọ "Ojo" láìsí àmì, ẹni tí kò mọ ilé yín lè kà á sí òjò tí ń rọ̀, tàbí sí ojo tí í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà.

Ní ti bébà àbúrò mi, màmá wa ni ó yanjú rẹ̀. Ó pe wá láti ilé ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, kò sì béèrè orúkọ kankan. Ó ní, "Báwo ni ọmọ ṣe dé?" Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ padà sí ilé ìwòsàn, ó bá nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí náà, ìyẹn sì rántí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìwọ́ lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn oyin àti iyọ̀, lẹ́yìn obì àti orógbó, bàbá ọkọ rẹ̀ fi owó sínú abọ́, ó sì sọ Abdulganiy. Àlùfáà ìjọ wọn sọ Dáníẹ́lì. Ṣùgbọ́n Òjó ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Orúkọ mẹ́ta náà ni ó wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, tàmìtàmì, ṣùgbọ́n Àkànní ni màmá wa ń pè é nígbà tí ó bá gbé e lé ẹsẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́.